Abúlé tí ẹ bá wọ̀ sí ló ń sọ bí ìsinmi orí yìnyín yóò ṣe rí

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún ìrìn àjò. Iye ọjọ́ tí a ní lọ́wọ́ àti irú ẹni tí a fẹ́ bá rìn ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, kí a tó mọ ibi tí a ó gbé ẹrù wa kalẹ̀ sí. Àmọ́ ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí èyí. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, wọn a tọrọ àyè ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́nu iṣẹ́, wọn a kó ìyàwó àtọmọ, wọ́n ń lọ ṣeré síkì lórí òkè yìnyín. Òkè tó lókìkí jù lọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Abúlé tí wọn yóò máa sùn sí, tí wọn yóò ti máa jí lọ sórí òkè, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń rò ó. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n fi sẹ́yìn yẹn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé lè sọ pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Owó tí ọmọ yín fi òógùn ojú wá ni yóò ná. Ẹlòmíràn sì wà nínú yín tí ọmọ rẹ̀ ti mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá a tọ́jú ọmọ ọwọ́, tí wọ́n lè ní kó ká lọ, kí àwọn jọ lọ wo òkè yìnyín. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní ọjọ́ mẹ́rin péré láti fi kórè kò ní í pa ahéré rẹ̀ sí ibi tí yóò ti máa fi wákàtí mẹ́ta rìn dé oko. Ibi tó súnmọ́ oko, tó súnmọ́ omi, ni yóò wọ̀ sí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ orúkọ ibẹ̀.

Fún ẹni tí kò rí i rí, eré síkì ni pé kí ènìyàn de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn mọ́ bàtà líle, kó mú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ méjèèjì, kó sì máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò wá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gun òkè náà. Àga tàbí yàrá kékeré tí wọ́n so rọ̀ mọ́ wáyà irin tó nípọn ló ń gbé wọn lọ sókè. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ọkọ̀ orí wáyà yìí ń ṣiṣẹ́, tó bá sì ti di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Wákàtí bíi méje ni gbogbo rẹ̀ lóòjọ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lò nínú bọ́ọ̀sì, inú méje yẹn ni ẹ ti yọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré òyìnbó ni, kò yẹ ọmọ wa. Ní ọdún 2018, Nàìjíríà kó eléré lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní PyeongChang, ní Kòríà Gúúsù. Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga wà nínú ẹgbẹ́ tó lọ fún eré bobsled, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sáré lójú yìnyín dídì. Simidele Adeagbo lọ fún skeleton, èyí tí ènìyàn máa ń dojú bolẹ̀ sáré lórí ohun pẹlẹbẹ kan. Ní 2022, ní Beijing, Samuel Ikpefan nìkan ló ṣojú Nàìjíríà, eré síkì gan-an ló sì lọ ṣe. Nítorí náà, kì í ṣe lílọ sórí yìnyín ni mo ń bá jà. Ibi tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀ sí nígbà tí ọjọ́ wọn kò pọ̀ ni mo ń sọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí àlá, ẹ jẹ́ ká mú àfonífojì kan ṣoṣo fi ṣàpẹẹrẹ. Àfonífojì Chamonix ni, nílẹ̀ Faransé, nídìí òkè Mont Blanc tó ga ju 4,800 mítà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní 1924. Ẹni tó bá wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù yóò bọ́ sílẹ̀ ní Geneva, ní Swítsálándì, bí ọ̀nà bá sì dára, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mọ́tò fi ń dé Chamonix láti ibẹ̀.

Ẹ fi èyí wé Zermatt, abúlé ńlá tó wà nídìí òkè Matterhorn, tí gbogbo ayé ń fi àwòrán rẹ̀ ṣe káàdì. Ibẹ̀ rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò àlejò wọ inú ibẹ̀. Ẹni tó bá wa mọ́tò lọ yóò fi í sílẹ̀ ní Täsch, yóò sì wọ ọkọ̀ ojú irin parí ìrìn rẹ̀. Láti Geneva, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú irin fi ń débẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá yọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti Chamonix kúrò nínú mẹ́rin, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì ló ṣẹ́kù. Ní àlọ àti àbọ̀, ó di wákàtí márùn-ún àbọ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odidi ọjọ́ kan lórí yìnyín. Ẹni tó ní ọjọ́ méje lè fi ọjọ́ kan tọrọ. Ẹni tó ní mẹ́rin kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sọ pé Chamonix ni òun ń lọ kò tíì parí ọ̀rọ̀, nítorí abúlé tó wà ní àfonífojì náà ju ọ̀kan lọ, ìwà wọn kò sì jọra. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú àwòrán, gbogbo abúlé ibẹ̀ ló ní ilé onípákó, ilé ìjọsìn kékeré àti òkè funfun lẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé àwọn ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí òkè kò so pọ̀. Ti Les Houches dá wà. Brévent àti Flégère so mọ́ra wọn. Grands Montets wà lókè Argentière. Balme wà láàrin Le Tour àti Vallorcine. Ẹni tó bá sùn nídìí ọ̀kan tó sì fẹ́ lọ sí òmíràn, ọkọ̀ ni yóò wọ̀, pẹ̀lú bàtà líle lẹ́sẹ̀ àti pákó léjìká.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Les Houches ga ní 1,008 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Inú abúlé ni ọkọ̀ orí wáyà ti ń gbéra lọ sí Bellevue àti Prarion. Igi pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń yọ̀ gbà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rora lọ sì wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wà nísàlẹ̀. Bí ooru bá mú, yìnyín ìdí òkè ló máa ń kọ́kọ́ yọ́.

Chamonix fúnra rẹ̀, ní 1,035 mítà, ti kúrò ní abúlé. Ìlú ni. Ṣọ́ọ̀bù wà, ilé oúnjẹ wà, ilé ìwòsàn wà, ariwo náà kò sì gbẹ́yìn. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fi ẹsẹ̀ mọlẹ̀ wà nítòsí, bíi Savoy àti Planards, ṣùgbọ́n wọ́n kéré. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè gidi yóò gun Brévent tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì.

Argentière ga ní 1,252 mítà. Abúlé àwọn ọ̀jẹ̀ ni. Òkè Grands Montets tó wà lórí rẹ̀ dà gan-an, àwọn tó mọ eré náà dénú eegun ló ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mú ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò tíì de pákó mẹ́sẹ̀ rí lọ síbẹ̀ ti mú un lọ jẹ̀yà.

Níkẹyìn àfonífojì ni Le Tour wà, ní 1,453 mítà. Ẹ̀yìn òkè ni Vallorcine wà, ní 1,260 mítà, lẹ́bàá ààlà Swítsálándì. Òkè Balme tó wà láàrin àwọn méjèèjì tẹ́jú, oòrùn ń dé ibẹ̀, ó sì rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní Vallorcine, bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ orí wáyà ló wà níwájú yín yẹn. Àléébù ibẹ̀ ni pé ó jìnnà sí ọjà, atẹ́gùn sì máa ń fẹ́ kíkan lórí Balme.

Bí wọ́n bá bi mí, ìdájọ́ tèmi nìyí. Ìdílé tó ní ọmọ kékeré àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, tí wọ́n ń lọ ní oṣù kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, kí wọ́n wọ̀ sí Les Houches. Bí ó bá ti di oṣù kẹta tí oòrùn ń mú, kí wọ́n gòkè lọ sí Vallorcine. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ eré náà dáadáa, Argentière ni tiwọn. Chamonix dára fún ẹbí tí ìdajì wọn kò ní í fọwọ́ kan pákó rárá. Ìyá àgbà lè wọ ọkọ̀ ojú irin Montenvers, tó ti wà láti 1909, lọ wo odò yìnyín ńlá Mer de Glace. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó gun ọkọ̀ orí wáyà lọ sí Aiguille du Midi, tó ga ní 3,842 mítà, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, kò sì ṣe é fi dán ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn wò.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò le tó nínú ẹbí ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n, n kò fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ṣe é. Nínú ọjọ́ mẹ́rin, bí ẹnì kan bá ń sunkún nísàlẹ̀ òkè, kò sẹ́ni tí yóò gbádùn lókè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òkè tó dà fún ọjọ́ kan. Ìyá tó gbé ọmọ dání kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní ayé ti yí padà, yìnyín kò rọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, ibi tó ga jù lọ ni kí ènìyàn máa lọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ooru mú ní àwọn òkè Alps débi pé ọ̀pọ̀ ibi tó wà nísàlẹ̀ ti ọ̀nà síkì wọn pa, koríko ló hàn níbi tó yẹ kí yìnyín wà. Ẹni tó ti sanwó sílẹ̀ ka ìka àbámọ̀ sẹ́nu. Val Thorens nílẹ̀ Faransé, tó ga ní 2,300 mítà, kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú ìṣòro yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lọ ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kẹrin, èmi náà yóò ní kó gòkè lọ.

Ṣùgbọ́n gíga nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Igi kì í hù ní gíga Val Thorens. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, funfun ni òkè, funfun ni ìsàlẹ̀, ènìyàn kò ní í mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Bí atẹ́gùn bá le, wọn a dá ọkọ̀ orí wáyà dúró. Níbi tí igi wà, ìyẹn ṣeé fojú sun, ọ̀nà ṣì hàn. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan lè jókòó sílé fún ọjọ́ méjì kó máa retí kí ojú ọjọ́ là. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́rin, tí kùrukùru sì gba méjì, kí ló kù fún un? Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé abúlé tí igi wà lókè rẹ̀ sàn fún ìrìn àjò kúkúrú ju èyí tó ga títí kan ojú ọ̀run. Èyí kò sì tíì kan ọ̀nà Val Thorens, tó ju wákàtí méjì lọ láti Geneva, tó sì máa ń há ní ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ayé ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Sátidé yìí ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń yá àlejò lórí òkè, láti Sátidé dé Sátidé ni wọ́n ń gbà wọ́n. Abúlé tó ní òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí yóò gba àlejò fún alẹ́ mẹ́ta ni kí ẹ wá. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí wọ́n sá fún ìsinmi àárín sáà àwọn ọmọ ilé ìwé ní oṣù kejì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ilẹ̀ Faransé náà ń gba ìsinmi ní àkókò kan náà sí oṣù kẹta. Owó a wọ́n, ìlà ìdí ọkọ̀ orí wáyà a sì gùn.

Ohun mìíràn tí abúlé ń pinnu ni físà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọmọ yín tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì lè má nílò físà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti sùn jù lọ ni ẹ ó tọrọ físà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàálù lè sọ yín kalẹ̀ ní Geneva ní Swítsálándì, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Les Houches ni ẹ ó wọ̀ sí, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni kí ẹ kọ̀wé sí. Nítorí náà, ẹ mọ abúlé yín kí ẹ tó kọ̀wé. Ìyá tó bá ń ti Nàìjíríà lọ sì gbọ́dọ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí kó tó kúrò nílé. Bí físà kò bá sí, Aviemore wà ní Skọ́tíláǹdì, nídìí òkè Cairngorm, ọkọ̀ ojú irin sì ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ síbẹ̀ lóru. Yìnyín ibẹ̀ kò dájú bíi ti Alps, atẹ́gùn rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò béèrè físà Schengen lọ́wọ́ yín.

Mo ní láti sọ ti ewu pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1999, yìnyín ya láti orí òkè, ó sì wó àwọn ilé ní Montroc, abúlé kékeré tó wà nítòsí Le Tour. Ènìyàn 12 ló kú, wọn kò sì lọ síbi eléwu kankan. Inú ilé ni wọ́n wà. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí àfonífojì náà mọ́. Ó ń kọ́ wa pé bí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá ti ọ̀nà, tàbí tí wọ́n ní kí àlejò kúrò nílé, kí ọmọ wa má ṣe bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn pé òun ti sanwó. Kí wọ́n sì ra ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ eré síkì ní kíkọ. Káàdì ìlera tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ni kì í san owó hẹlikọ́pítà tó bá wá gbé ènìyàn lórí òkè.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá pè yín pé àwọn ń lọ sórí yìnyín, ẹ má ṣe kàn gbàdúrà kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè àgbà. Wákàtí mélòó ni láti ibi tí bàálù yóò ti bà dé ibùsùn? Ìṣẹ́jú mélòó ni láti ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì dé ìdí ọkọ̀ orí wáyà, pẹ̀lú bàtà líle lẹ́sẹ̀ ọmọdé? Ṣé igi wà lókè ibẹ̀, kí kùrukùru má baà jẹ ọjọ́ yín gbé? Ṣé ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ yóò ti kọ́ ọ wà nínú abúlé náà gan-an? Bí kò bá sí yìnyín nísàlẹ̀, ṣé ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì wà tí yóò gbé yín lọ sí ibi tó ga? Nílé ta ni ìwé físà wà?

Ọmọ tó bá rí èsì fún gbogbo rẹ̀ ti mọ abúlé tí òun ń lọ. Èyí tí kò bá rí èsì, kó má tíì sanwó. Orúkọ òkè ńlá dùn ún sọ fún ọ̀rẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni ọjọ́ mẹ́rin. Abúlé kékeré tó jẹ́ kí ẹ lò ó tán lórí yìnyín ṣe yín lóore ju ìlú ńlá tó fi ìdajì rẹ̀ gbé yín kiri lójú títì lọ. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.